Oníhò kékeré àbí àyà ṣíṣí? Ìfiwéra fún òbí tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ àyà fún ọmọ rẹ̀ n'Ìbàdàn

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ dókítà kí wọ́n fi kámẹ́rà ṣe é. Kí wọ́n má la àyà ọmọ mi." Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ní Ọjà'ba ló sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà tíátà. Ọmọ rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ọyún sì ti kún ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀ ọ̀tún. Àbúrò ìyá náà ti fi fídíò hàn án lórí fóònù, ibi tí àwọn òyìnbó ti gba ihò bíńtín wọ àyà ọmọ, tí ọmọ náà sì ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ó wá dá a lójú pé ti ihò ni ti olówó, ti ṣíṣí ni ti ẹni tí kò lẹ́nìkan.

Mo ti gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ yìí lẹ́nu òbí púpọ̀ láàárín ọdún mọ́kàndínlógún tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù ọmọdé nílùú yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ọ̀nà méjèèjì dára, ọ̀nà méjèèjì sì léwu bí wọ́n bá lò ó fún ọmọ tí kò tọ́ sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó kọ́ ló ń yàn láàárín wọn, ìfẹ́ òbí náà kọ́. Ibi tí àìsàn ti rìn dé kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ wa ló ń yàn án, àti ọwọ́ tó máa ṣe é.

Ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nínú tíátà

Bí wọ́n bá ní àwọn máa ṣí àyà, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ dùbúlẹ̀, wọ́n á la awọ láti abẹ́ abíyá lọ sápá ẹ̀yìn, wọ́n á gba àárín egungun ìhà méjì kọjá, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Irin kan wà tó ní apá méjì tí wọ́n fi ń ya egungun ìhà sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ á fi rí àyè wọlé. Ojú dókítà ń wo ẹ̀dọ̀fóró ní tààrà, ìka rẹ̀ sì ń tẹ̀ ẹ́. Lára ọmọ tuntun, ojú abẹ lè má gùn ju ìka àgbàlagbà kan lọ. Lára ọmọ tó ti ń lọ síléèwé, ó lè gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan kì í gé ẹran ara tó wà níbẹ̀ mọ́, ńṣe ni wọ́n ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ bi dókítà yín bóyá ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí èrè rẹ̀ pọ̀ fún èjìká ọmọ.

Ti oníhò, ihò méjì tàbí mẹ́ta ni. Ẹ yọ ọ̀pá íǹkì inú báírò, kí ẹ wò ó dáadáa: irin tí wọ́n ń lò fún ọmọ ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn jù ú lọ, mìlímítà 3 ni. Fún ọmọ tó dàgbà díẹ̀, mìlímítà 5. Kámẹ́rà á gba ihò kan wọlé, àwọn irin tí wọ́n fi ń gé nǹkan, tí wọ́n fi ń di nǹkan mú, á gba ìyókù. Ojú tẹlifíṣọ̀n ni dókítà á ti máa wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe.

Ṣùgbọ́n inú àyà kò ṣófo. Ẹ̀dọ̀fóró ló kún un. Kí kámẹ́rà tó lè rí nǹkan kan, ẹ̀dọ̀fóró tó wà lápá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ wálẹ̀ bíi bàlúùnù tí afẹ́fẹ́ ti jò nínú rẹ̀. Wọ́n lè fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ̀sáìdì, afẹ́fẹ́ kan náà tí à ń mí síta, wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti tì í, tàbí kí dókítà tó ń fún ọmọ ní oògùn oorun darí èémí sínú ẹ̀dọ̀fóró kejì nìkan. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo ló ń gbé ọmọ ró. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, torí òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Kì í sì í ṣe nǹkan àná. Hans Christian Jacobaeus, dókítà ará Sweden, ti ń fi ọ̀pá oníná wo inú àyà àwọn àgbàlagbà láti 1910. Ó di bí ọdún 1990 sókè, nígbà tí kámẹ́rà wá kéré tí àwòrán rẹ̀ sì mọ́lẹ̀, kó tó ṣeé ṣe láti gba ihò ṣe iṣẹ́ ńláńlá fún ọmọdé.

Bí a bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ìrora ni mo máa kọ́kọ́ sọ, torí òun ni nọ́ọ̀sì ń bá ọmọ jẹ mọ́jú. Egungun ìhà tí wọ́n yà máa ń dun ọmọ nígbàkígbà tó bá mí, kò sì sí bí èèyàn ò ṣe ní í mí. Ọmọ tí wọ́n ṣí àyà rẹ̀ tí kò rí oògùn ìrora tó kì í fẹ́ mí kanlẹ̀, kì í fẹ́ wúkọ́. Ìdí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á wá máa pa dé, òtútù àyà tuntun á ráyè wọlé. Ti oníhò kì í sábà dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rí èyí tó dìde jókòó lọ́jọ́ kejì tó ní búrẹ́dì lòun fẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n ìrora àyà ṣíṣí lóògùn. Morphine wà, parasitámọ́ọ̀lù wà, abẹ́rẹ́ sì wà tí wọ́n ń fún ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ìhà kó tó jí, tó ń jẹ́ kí ojú ibẹ̀ kú fún wákàtí bíi mélòó kan. Ẹ béèrè ètò oògùn ìrora kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Lójú tèmi, àyà ṣíṣí tí oògùn ìrora rẹ̀ pé sàn ju oníhò tí wọ́n ṣe tí wọ́n wá gbàgbé ọmọ lóru.

Àpá ojú awọ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Egungun ni. Ọmọ ṣì ń dàgbà, ohun tí ẹ bá sì ṣe sí àyà rẹ̀ lónìí á máa bá a dàgbà. Àwọn tí wọ́n ṣí àyà wọn ní kékeré, òmíràn nínú wọn máa ń ní ọ̀pá ẹ̀yìn tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tàbí kí egungun èjìká máa yọ sẹ́yìn bí ìyẹ́, tàbí kí egungun ìhà méjì lẹ̀ mọ́ra wọn. Lára ọmọbìnrin, bí ojú abẹ bá wá síwájú jù, ọmú apá kan lè má dàgbà tó èkejì. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń ṣẹlẹ̀ sí, àmọ́ ó pọ̀ tó kí òbí mọ̀ ọ́n, oníhò sì ń dín in kù gan-an. Ibi tí mo ti ń gbèjà oníhò jù lọ nìyí.

Tó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ṣíṣí ló borí. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá bá bẹ́, ọwọ́ tó ti wà nínú àyà tẹ́lẹ̀ ló máa tètè di í mú. Dókítà tó ń fi kámẹ́rà ṣe é gbọ́dọ̀ sáré ṣí àyà náà ni, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo irin àyà ṣíṣí fi gbọ́dọ̀ wà ní sísè, ní gbígbé kalẹ̀, kí wọ́n tó dá ihò àkọ́kọ́. Ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n á fi sọ́mọ lára náà nìyẹn: kó ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó wọlé. Ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà, wọ́n lè ní kí ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá ẹni méjì dání, ẹ má dúró de àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Èémí ńkọ́? Ọmọ tuntun kì í fara da kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ̀sáìdì bí àgbà. Afẹ́fẹ́ yẹn ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ń sọ ẹ̀jẹ̀ náà di kíkan. Dókítà oníoògùn oorun tó mọwọ́ ọmọdé á máa ṣọ́ ọ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, á sì ké sí oníṣẹ́ abẹ pé kó dá afẹ́fẹ́ dúró bí ó bá pọ̀ jù. Níbi tí irú dókítà bẹ́ẹ̀ kò bá sí, mi ò ní gbà kí wọ́n fi ihò ṣe ọmọ ọwọ́ mi, bó ti wù kí oníṣẹ́ abẹ náà gbóná tó.

Iṣẹ́ oníhò lè pẹ́ nínú tíátà ju ti ṣíṣí lọ, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ọmọ máa lò ní wọ́ọ̀dù ló máa ń kéré. Ó sì nílò irin tó ṣe déédéé ọmọdé. Mo ti rí ibi tó jẹ́ pé irin àgbàlagbà nìkan ló wà nílẹ̀, mìlímítà 10. Ẹ wo bí àárín egungun ìhà ọmọ oṣù mẹ́fà ṣe fẹ̀ tó, ẹ ó mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Iná mànàmáná náà wà níbẹ̀. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò tètè gbà á, dókítà tó ṣí àyà ṣì ń rí ohun tó ń ṣe. Èyí tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ti wọ òkùnkùn.

Ọyún inú àyà: ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí èyí, torí òun ni mo rí jù ní gbogbo ọdún mi. Òtútù àyà ló ń bí i. Kòkòrò á jáde láti inú ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sí àárín ẹ̀dọ̀fóró àti egungun ìhà, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ síbẹ̀. Ibà ọmọ á kọ̀ kò lọ, á máa mí gúlegúle, á máa fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sùn.

Dókítà wá bá ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà tíátà lọ́jọ́ yẹn. Ó bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ní ẹ̀kọ lòun ń tà. Dókítà ní ó dáa, ó ní ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, omi tó wà láyà ọmọ dà bí omidùn, omi orí ọ̀gì, ó ń ṣàn. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ń ki bí ẹ̀kọ mímu, okùn tín-ín-rín-tín-ín-rín á sì máa ta nínú rẹ̀ tí yóò pín in sí yàrá-yàrá. Bó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti dì, èèpo rẹ̀ sì ti wé mọ́ ẹ̀dọ̀fóró tí kò fi lè fẹ̀ mọ́. Ìyá náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Dókítà, èèyàn ò lè fi rọ́bà fa ẹ̀kọ tó ti dì."

Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, mo sì ti ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣàlàyé fún àwọn òbí láti ìgbà náà.

Bí ọyún náà bá ṣì dà bí omidùn, kò sí oníhò, kò sí ṣíṣí. Abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò àti rọ́bà kan tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ àyà, tí ẹnu rẹ̀ kejì wà nínú ìgò omi, ti tó fún ọ̀pọ̀ ọmọ.

Bí ó bá ti dé ibi ẹ̀kọ mímu, ibẹ̀ ni oníhò ti ń tàn. Kámẹ́rà á wọlé, dókítà á já gbogbo yàrá-yàrá yẹn, á fọ̀ ọ́, á fi rọ́bà sílẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà: oògùn bíi urokinase tàbí alteplase tí wọ́n ń gba ojú rọ́bà fi sínú àyà kó lè yọ́ àwọn okùn náà. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti fi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn lára ọmọdé rí i pé iye ọjọ́ tí ọmọ ń lò ní ilé ìwòsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nítorí náà, bí dókítà yín bá ní kámẹ́rà kò sí ṣùgbọ́n oògùn yìí wà, ẹ má rò pé ìdọ̀tí tó kù nílẹ̀ ni wọ́n fún yín.

Bí ó bá ti di ẹ̀kọ dídì, kí wọ́n ṣí àyà ló sábà máa ń dára jù. Èèpo náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró bí awọ inú ẹyin ṣe lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀, ìka ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i láìya ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ọ̀gá kan ń fi kámẹ́rà ṣe é, àmọ́ ó ṣòro, wọ́n sì sábà máa ń yí i padà sí ṣíṣí.

Ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn aládàáni kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ fún un, èyí tán, òmíràn wọlé, ẹnì kankan kò sì ní kí ó lọ ya ẹ́síréè. Ṣáájú ìyẹn, kẹ́míìsì àdúgbò ti fún un ní kápúsù ọjọ́ márùn-ún. Ó dùn mí títí dòní. Ìyá náà ń bẹ dókítà kó bá a yan oníhò, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ti yàn fún un kó tó gun bọ́ọ̀sì wá sí Orítamẹ́fà.

Wọ́n ṣí i. Èèpo tí wọ́n bó kúrò nípọn bí awọ ọsàn. Wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò, torí ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń fara jọ ọ́, ẹ má sì bínú bí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò yẹn fún ọmọ tiyín. Ìyá náà lẹ pílásítà funfun mọ́ ara ìgò, ó ń fi báírò fa ìlà síbi tí omi dé láràárọ̀, ó ń kọ ọjọ́ sí i. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kẹrin, ìlà méjì tẹ̀ lé ara wọn tímọ́tímọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò rí àyè kọ ọjọ́ sí àárín wọn. A po ọṣẹ sómi nínú kọ́ọ̀pù, a fún ọmọ náà ní sítúróò, ó ń fẹ́ ìfófò sójú ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì ń fẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé máa ń sọjí ju ti àgbà lọ. Ẹ́síréè tó burú gan-an lè wá mọ́ tónítóní láàárín oṣù mélòó kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà níbí: àjẹsára tó ń dènà kòkòrò òtútù àyà, èyí tí wọ́n ń pè ní PCV, ti wọ inú ètò àjẹsára ọ̀fẹ́ Nàìjíríà láti ìparí 2014. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ń gbà á. Ẹ wo káàdì ọmọ yín.

Àwọn àìsàn tó kù

Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àpò afẹ́fẹ́ tàbí àpò omi nínú ẹ̀dọ̀fóró: bí ara rẹ̀ bá le, tí kòkòrò kò tíì wọ àpò náà rí, oníhò dára púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí kòkòrò bá ti wọ̀ ọ́ léraléra, gbogbo rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ra, oníhò á wá ṣòro. Ẹ̀yà kan tún wà tó jẹ́ pé apá ẹ̀dọ̀fóró kan ń wú ṣáá, tó ń gba èémí tí kò sì ń tú u sílẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ń kú lọ lójú ẹni, kò sì sí àyè tí kámẹ́rà máa dúró sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i kíákíá.

Kókó àti jẹjẹrẹ: láti mú díẹ̀ lára rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ihò tó. Láti yọ kókó ńlá, tàbí èyí tó ti di òpó ẹ̀jẹ̀ mú, wọ́n á ṣí i. Ọ̀rọ̀ kan wà tí òbí kì í mọ̀: bí jẹjẹrẹ egungun bá ti tan dé ẹ̀dọ̀fóró, kókó wẹ́wẹ́ tó bí orí abẹ́rẹ́ lè wà níbẹ̀ tí síkáànù kò rí. Ìka dókítà ló ń tẹ̀ wọ́n rí, kámẹ́rà kò ní ìka. Bí wọ́n bá ní àwọn máa ṣí àyà irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n ni.

Ọmọ tuntun tí ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ kò já sí inú ikùn (itọ́ á máa yọ fófò lẹ́nu rẹ̀, omi ọmú àkọ́kọ́ á sì fẹ́ pa á): Cameron Haight ló kọ́kọ́ rán irú rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí ọmọ sì yè, ní Michigan ní 1941, nípa ṣíṣí àyà. Ní 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ gba ihò ṣe é. Ó wà lára iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ oníhò. Bí ó bá jẹ́ ọmọ-ọmọ mi, ṣíṣí ni mo máa ní kí wọ́n ṣe, àfi bí dókítà náà bá ti ṣe ti oníhò léraléra.

Ọmọ tí awọ tó pààlà láàárín àyà àti ikùn rẹ̀ ní ihò, tí ìfun gba ibẹ̀ gòkè: oníhò ṣeé ṣe fún èyí tí ara rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí fi hàn pé ihò náà máa ń tún ya lẹ́yìn oníhò ju lẹ́yìn ṣíṣí lọ.

Àyà tó jìn wọnú ńkọ́? Ọ̀nà àtijọ́ ni ti dókítà Ravitch, 1949, tí wọ́n ń ṣí iwájú àyà tí wọ́n ń gé kérékéré egungun. Ní 1987 ni Donald Nuss ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ihò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti irin títẹ̀ kan wọlé láti gbé egungun àyà sókè, irin náà á sì wà níbẹ̀ fún bí ọdún méjì sí mẹ́ta. Àpá rẹ̀ kéré, ìrora rẹ̀ sì tóbi. Mo mẹ́nu bà á kí ẹ lè mọ̀ pé ihò kékeré kò túmọ̀ sí ìrora kékeré nígbà gbogbo.

Nígbà mìíràn, ọ̀nà kẹta ló yẹ. Òpó ẹ̀jẹ̀ kan wà tí ọmọ inú oyún ń lò, tó yẹ kó dí lẹ́yìn ìbí. Bí kò bá dí, ọkàn ọmọ á máa ṣiṣẹ́ àṣejù. Robert Gross ló kọ́kọ́ ṣí àyà ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje kan láti so ó, ní Boston ní 1938. Lónìí wọ́n lè ṣí i, wọ́n lè gba ihò, wọ́n sì lè gba òpó ẹ̀jẹ̀ itan gbé ohun kékeré kan tó máa dí i lọ síbẹ̀ láì fọwọ́ kan àyà rárá. Ọmọ tó fi ẹ̀pà tàbí kóró ọsàn há ọ̀nà èémí náà, ẹnu ni wọ́n sábà ń gbà fi ọ̀pá oníná yọ ọ́. Ẹ máa béèrè bóyá ọ̀nà kẹta wà.

Nígbà tí mo máa sọ pé rárá sí oníhò

Ọmọ tí ọ́síjìn rẹ̀ ń já lulẹ̀ bí wọ́n bá yọ rọ́bà ọ́síjìn kúrò nímú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kò lè fi ẹ̀dọ̀fóró kan mí. Ọmọ tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dúró. Ọmọ tí kò pé oṣù tó kéré jọjọ. Ọmọ tí wọ́n ti ṣí àyà náà rí, tí gbogbo inú rẹ̀ ti lẹ̀. Fún àwọn wọ̀nyí, ẹ má bá dókítà jiyàn.

Ọmọ tó jẹ́ SS yàtọ̀. Kò sí òfin pé wọn ò lè gba ihò ṣe é, àǹfààní ńlá ló tiẹ̀ jẹ́ fún un bí ìrora rẹ̀ bá kéré. Ṣùgbọ́n bí ọ́síjìn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, tí òtútù mú un, tàbí tí omi ara rẹ̀ gbẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há nínú òpó. Wọ́n lè kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa fún un ní dírípù, kó má bàa gbẹ nígbà tó bá ń gbààwẹ̀ de iṣẹ́ abẹ. Ẹ má fi jẹ́nótáìpù ọmọ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ọjọ́ tó pé.

Ohun tí ẹ máa bi dókítà

UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1957, ní ẹ̀ka oníṣẹ́ abẹ ọkàn àti àyà, ibẹ̀ sì ni wọ́n sábà ń darí irú ọmọ báyìí sí. Níbikíbi tí ẹ bá dé, ẹ bọ̀wọ̀ fún dókítà, kí ẹ sì béèrè. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè. Ẹ lè sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú èyí mélòó lẹ ti ṣe fún ọmọ tó tó báyìí?" Ẹni tó ti ṣí àyà ọmọ ọgọ́rùn-ún tí kò tíì gba ihò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ẹ jẹ́ kó ṣe èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ẹ béèrè ẹni tó máa fún ọmọ ní oògùn oorun, bóyá ọmọdé ló ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ béèrè bóyá ibùsùn ICU, ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá rárá tọ̀sán-tòru, wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ béèrè ohun tó lè mú kí wọ́n yí oníhò padà sí ṣíṣí, torí ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí máa gba méjèèjì láyè. Bí wọ́n bá yí i padà, kì í ṣe pé dókítà kùnà. Ó rí ohun tí kámẹ́rà kò lè ṣe, ó sì gba ọmọ yín là.

Kò sí ìbéèrè tó kéré jù. Bàbá kan bi wá léèrè lójú mi bóyá dísẹ́ẹ̀lì wà nínú jẹnẹrétọ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín, ó rán ẹnì kan lọ wò ó.

Owó

Irin oníhò, pàápàá àwọn tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan dànù, wọ́n, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń kọ wọ́n fún òbí lọ rà. Àyà ṣíṣí kò gba irú ìyẹn púpọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ wọ́ọ̀dù rẹ̀ pọ̀, oògùn ìrora rẹ̀ pọ̀, ọjọ́ tí ìyá kò ní lọ sọ́jà náà pọ̀. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó sọ pé ọ̀kan ló wọ́n jù. Bí ẹ bá wà lórí ètò adójútòfò ìlera, ìbáà jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ (NHIA) tàbí ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ lọ béèrè ohun tó ń bá yín san àti èyí tí kì í san kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yá owó. Níbi tí òṣìṣẹ́ alábòójútó aláìní bá wà ní ilé ìwòsàn, ẹ lọ rí i, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀

Oúnjẹ líle àti wàrà agolo, wákàtí mẹ́fà ṣáájú. Omi ọmú, wákàtí mẹ́rin. Omi lásán, wákàtí méjì, àfi bí dókítà yín bá sọ òmíràn. Ìyá àgbà tó bá ń yọ́ bíṣíkíìtì fún ọmọ torí àánú, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ ṣàlàyé pé oúnjẹ yẹn lè bì gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ọmọ oníhò àti ọmọ àyà ṣíṣí, rọ́bà àti ìgò ló máa bá àwọn méjèèjì jáde. Ẹ má gbé ìgò náà ga ju àyà ọmọ lọ láé, kí omi rẹ̀ má bàa padà wọlé. Bí rọ́bà bá fẹ́ yọ, ẹ ké sí nọ́ọ̀sì, ẹ má tì í padà fúnra yín.

Nílé, ọmọ tí wọ́n ṣí àyà rẹ̀ á fẹ́ máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn ún. Ẹ jẹ́ kó máa na ọwọ́ apá ibẹ̀ sókè mú nǹkan lórí sẹ́ẹ̀fù, kó máa fi ìka gun ògiri, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ìyá ẹlẹ́kọ lẹ bébà mọ́ ara ògiri, ó ń sàmì sí ibi tí ìka ọmọ rẹ̀ dé. Ní gbogbo ọdún tí ọmọ bá fi ń dàgbà, ẹ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mélòó kan, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìdúró: ṣé èjìká méjèèjì dọ́gba, ṣé ọ̀pá ẹ̀yìn tọ́. Bí kò bá tọ́, ẹ mú un lọ sí kílíníìkì.

Bí ibà bá padà, bí ojú abẹ bá pọ́n tàbí tó ń ṣomi, bí èémí ọmọ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yára, bí imú rẹ̀ bá ń fẹ̀ tó bá ń mí, ẹ gbé e padà lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ òru Sátidé.